Ohùn Tí Kò Dákẹ́ Nínú Dùùrù Wörlesbach

                                        Ilé Iṣẹ́ Dùùrù Riegg,
                                        Òpópónà Weber,
                                        Kempten.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1920.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Wendelin,

Asunkún ni àwa tí à ń kan dùùrù ń pe ohùn tó bá kọ̀ láti dákẹ́. Bí atẹdùùrù bá gbé ìka tàbí ẹsẹ̀ kúrò, ó yẹ kí fèrè panu mọ́. Èyí tí kò bá panu mọ́, tó ń dún lọ títí afẹ́fẹ́ inú ẹwìrì fi tán, òun ni asunkún. Kì í ṣe àìsàn fèrè. Fèrè kì í dún fúnra rẹ̀. Nǹkan ló ń fà á láti ibòmíràn. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì lo kọ ránṣẹ́ sí mi: kí ló dé tó fi jẹ́ ohùn kan ṣoṣo ló ń sunkún, ṣé ó sì ṣeé pa lẹ́nu mọ́ láìwọ inú dùùrù? Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí gùn, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìdáhùn wà fún méjèèjì.

Wàyí o, báwo ni ilé? Kreszenz ìyàwó wa ńkọ́, ṣé oyún náà kò dà á láàmú jù? Burgl kékeré ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń wú u ti ń lọ? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn tó wú ti ń sàn? Ẹ kú òtútù, ẹ kú àìrí epo àtùpà rà, ẹ sì kú ìfaradà. Àyà rẹ tí èéfín olóró ojú ogun bà jẹ́ ni mò ń rò jù, nítorí àtẹ̀gùn àjà dùùrù yín ga, mo sì rí i bí o ṣe ń dúró mí ní ìdajì rẹ̀. Àwa níbí wà láàyè. Rosina ìyàwó mi ń tò fún èédú láràárọ̀, ó sì máa ń bú gbogbo ènìyàn bó bá padà dé, bẹ̀rẹ̀ láti orí mi. Àwọn ọmọ ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà, wọ́n sì ń mu kòkó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bù fún wọn nílé ìwé. Àwọn tí a bá jagun ló ń bọ́ ọmọ wa báyìí, a sì ń sọ pé ẹ ṣeun.

Abẹ́ aṣọ irun àgùntàn tí o ní kí n bá ọ wá ni mo tẹ́ lẹ́tà yìí sí nínú páálí. Mi ò fi í ránṣẹ́ ní póòsì. Ìyá Notburga, àǹtí Kreszenz, tó wá ta wàràkàṣì lọ́jà Kempten, ló bá mi gbé e. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ju aṣọ lọ, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Nínú lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́, o kọ̀wé pé ohùn D ìsàlẹ̀ ti pátákó ẹsẹ̀ ló ń sunkún, o sì fi kún un pé pátákó D náà rẹlẹ̀ díẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìfikún yẹn gan-an ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sọ́dọ̀ yín níjọ́sí. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so pátákó tí ò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́ ìdérí tó wà lábẹ́ fèrè. O tẹ pátákó, ọ̀pá fà, ìdérí ṣí, afẹ́fẹ́ wọ fèrè lọ. Bó bá jẹ́ eruku ló há sí ìdérí, fèrè á máa dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n pátákó á wà ní àyè rẹ̀. Bó bá jẹ́ òjò ló mú igi wú, kì í ṣe ohùn kan ló máa sunkún. Wọ́n á pọ̀, wọn á sì máa ké bí ọmọ ẹran tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n bí ohun wúwo kan bá fara ti ọ̀pá náà láàárín, ọ̀pá á tẹ̀, ọ̀pá tó bá sì tẹ̀ ti kúrú nìyẹn. Á fa ìdérí lápá kan, á fa pátákó lápá kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ fi bá a nísàlẹ̀. Nítorí náà, kí n tó fi ojú kan ohunkóhun, mo ti mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé ẹrù sínú dùùrù Wörlesbach.

Mo sì mọ ibi tí àyè wà fún ẹrù. O rántí ọdún tí ìjọba ọba ní kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kó fèrè tánńganran iwájú dùùrù wọn wá fún ogun. Wọ́n tò wọ́n sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin níwájú ṣọ́ọ̀ṣì yín, wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bò wọ́n bí òkú, Màmá rẹ sì kọ̀ láti jáde wò wọ́n. Ihò ló kù lójú dùùrù. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin rẹ ya àwòrán fèrè sára aṣọ, wọ́n ta á bo ihò náà, wọ́n sì yà á dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn kò ní mọ̀. Àwọn fèrè síńkì tí mo ṣe láti fi rọ́pò wọn ti wà nínú ilé iṣẹ́ mi láti ìgbà ìkórè. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mo tún kọ, wọ́n ní kò tíì sí àyè. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe kíá, mo ti rí èyí tó ń bú mi pé mo pẹ́. Mi ò rí èyí tó ń bẹ̀ mí pé kí n má gbé fèrè òun wá rí. Ó yẹ kí n ti fura nígbà náà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ìbọn nígbà tó bá ń ro fèrè?

Nígbà tí mo dé, ìwọ náà rí i pé Magnus Dobler ti ń dúró dè mí lórí àjà. Mi ò tíì bá olówó ilé iṣẹ́ ìlagi kan pàdé tó fẹ́ràn dùùrù tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òun ni olórí ẹ̀ṣọ́ abúlé yín, pé òun ló kó àwọn àgbẹ̀ jọ lẹ́yìn ogun tó fún wọn níbọn, tó ní àwọn ń ṣọ́ ilé lọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ní Wörlesbach. Mo sì mọ̀ pé ìjọba ti pàṣẹ kí gbogbo irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ kó ìbọn wọn sílẹ̀.

“Ọ̀gá Riegg,” ló wí, “ẹ rọra o. Inú dùùrù yẹn fún, bíà Kempten ò sì fi ikùn yín sílẹ̀ lásán.”

“Ikùn tí ogun bù jẹ tó ṣẹ́ kù yìí,” ni mo dá a lóhùn, “ẹ̀yin ẹ ṣì rí i?”

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Mo gba ẹnu ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo sì na àtùpà mi síwájú. Lẹ́yìn aṣọ àwọn ọmọbìnrin rẹ, níbi tó yẹ kí fèrè mi dúró sí, ìbọn ni wọ́n tò ró bí igi ìdáná, wọ́n fi ìwé tó kún fún gírísì wé wọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Ohun kan tó wúwo jù wọ́n lọ, tó gùn, tí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ yọ síta, ti yọ̀ láti ìdúró rẹ̀, ó sì fara ti ọ̀pá D. Ìbọn tó ń rọ̀jò ọta ni. Aṣọ pẹpẹ ni wọ́n fi wé e, Wendelin. Mo mọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà létí rẹ̀, àwọn òdòdó búlúù wọ̀nyẹn. Màmá rẹ ló ṣe é, lọ́dún tí èmi àti ìwọ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin.

Mo jáde. Mo nu ọwọ́ mi pẹ́, kí ojú mi lè rí ohun mìíràn wò.

“Kí lẹ bá níbẹ̀?” Dobler bi mí.

“Ọ̀rinrin.”

“Ọ̀rinrin nìkan?”

“Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ọ̀rinrin nìkan tó.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀ nígbà náà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí di Àjíǹde, kí wọ́n má baà ba iṣẹ́ yín jẹ́.” Ó wá yíjú sí ọ. “Àbí, Tíṣà?”

O ń wo ọwọ́ ara rẹ lórí dùùrù. Ìbọn náà kò bà mí lẹ́rù tó bí ojú rẹ ṣe bà mí lẹ́rù lásìkò yẹn, nítorí ojú rẹ kò mọ irọ́ pa, Dobler sì ń wò ó.

Ohun tí o sọ fún mi lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ ni mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà. O ní o ti rí wọn kí n tó dé, pé o ti tú aṣọ náà wò láti iwájú lọ́jọ́ tí o ń wá ibi tí òjò ti ń jò. O ní o máa gbàyè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ sọ ọ́.

“Ìwé òfin ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé ìwé mi, Alban. Àwọn ọmọ ń kà á kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìbọn wà, kó wá sọ. Bí èmi bá ṣe bí ẹni tí kò rí i, kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn?”

“Kọ́ wọn ní ìṣirò.”

“Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kọ́ wọn ní ìṣirò títí n ó fi kọ̀wé sí ọ.”

“Nígbà tí àwọn ológun wọ Berlin lóṣù kẹta láti lé ìjọba tí a dìbò yàn, ṣé ìṣirò ló lé wọn padà? Àwọn òṣìṣẹ́ ló gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n pa iná, wọ́n ti omi, wọ́n jókòó sílé. Àwọn èèyàn bíi tèmi tìrẹ ni.”

“Wọ́n pọ̀, Wendelin. Ìwọ, o dá wà.”

O bínú sí mi nígbà náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ṣèlérí pé o máa dúró di ẹ̀yìn àjọ̀dún Cecilia Mímọ́, ẹni mímọ́ àwọn olórin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ìlérí yẹn ju bí o ṣe mọ̀ lọ. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi àsìkò náà ṣe fún ọ.

Mo lọ sí Sankt Gangolf, lókè odò, láti pààrọ̀ awọ ẹwìrì wọn. O mọ Afra Zwick, obìnrin tó ń tẹ ẹwìrì níbẹ̀, ẹni tó máa ń kọrin ju ẹgbẹ́ akọrin lọ láti ẹ̀yìn ògiri. O tẹ dùùrù níbẹ̀ nígbà kan, o sì sọ fún mi pé òun nìkan ni ẹni tó ń tẹ ẹwìrì tó mọ ìgbà tí atẹdùùrù máa mí, kí atẹdùùrù fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mo dé yàrá ẹwìrì, obìnrin mìíràn ni mo bá níbẹ̀. Genoveva, àbúrò Afra, ni. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Mo bi í pé Afra ńkọ́.

“Ẹ máa ṣe iṣẹ́ awọ yín, Ọ̀gá,” ló wí. “Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀.”

Mo ṣe iṣẹ́ awọ mi. Mo ń ṣe é, ó jókòó lórí àpótí, ó ń wò mí. Nígbà tí mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀gbẹ́ tó kẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń bá ẹwìrì sọ̀rọ̀.

Àwọn àpótí kan ni Afra rí lábẹ́ ẹwìrì. Ó mọ ohun tó wà nínú wọn nítorí ó ṣí ọ̀kan. Ó rò pé àbẹ́là ni, ìbọn ló bá. Òun náà ka ìwé tó wà lára ògiri. Kò fẹ́ èrè kankan. Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọ́n gbé e sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Fádà ní kó má dá sí i. Ó wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó wọkọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì kan nílùú ńlá, irú ọ́fíìsì tí ìwọ náà ń rò láti lọ. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ níwà pẹ̀lẹ́. Ó fún un ní àga. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, orúkọ abúlé rẹ̀, ibi tó ń sùn, àti ẹlòmíràn tó mọ̀ sí i. Afra ní òun nìkan ni. Akọ̀wé ní kó máa lọ sílé, pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á wá bá a.

Wọ́n sì wá lóòótọ́. Ọkùnrin méjì ni, nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n ṣí fìlà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pè é ní Omidan Zwick. Genoveva ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni pe ẹ̀gbọ́n òun bẹ́ẹ̀, pé inú Afra dùn, ó sì tún irun rẹ̀ ṣe kó tó bá wọn jáde.

“Ó ní, ‘Veva, bo ọbẹ̀ náà, n ò ní pẹ́.’ Mo bo ọbẹ̀ náà.”

Àwọn tó ń ṣẹ́gi ló rí i nínú igbó, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní kọ bó ṣe rí. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ti ìsìnkú. Ẹ̀ṣọ́ ìlú Sankt Gangolf ló gbé pósí rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbé pósí gbogbo ènìyàn níbẹ̀, àṣà wọn ni láti ìgbà tí ogun ti parí. Wọ́n gbé e pẹ̀lú ìṣọ́ra, ẹsẹ̀ wọn ń lọ déédéé. Ó sì yẹ kí ẹnìkan tẹ ẹwìrì. Genoveva ló tẹ̀ ẹ́.

Mo bi í bóyá ó rò pé ẹnìkan lábúlé ló tú ọ̀rọ̀ náà síta.

“Ta ló fẹ́ tú u? Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kó lọ ló lọ, Ọ̀gá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tà á.”

Wendelin, bí mo ṣe ṣàlàyé ọ̀pá igi fún ọ ni mo fẹ́ ṣàlàyé èyí, nítorí mo mọ̀ pé ìwọ máa rò pé akọ̀wé burúkú kan ṣoṣo ni. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lọ́dún yìí nítorí ìwé àṣẹ síńkì àti ti awọ. Nínú gbogbo wọn, wọ́n ti yọ àwòrán ọba kúrò lára ògiri. Ibi tó wà ṣì funfun ju ògiri yòókù lọ, ìṣó rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìṣó náà ni àwọn tó jókòó sábẹ́ àwòrán. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ wọn, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, mo mọ wọn. Àwọn mìíràn ń gba ìwé ìròyìn Berlin láàárọ̀, wọ́n sì ń bá olórí ẹ̀ṣọ́ mu bíà nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá jókòó lórí àga iwájú wọn kò lè mọ èyí tí òun bá pàdé. Ìjọba àwa-arawa tí ìwọ gbà gbọ́ wà lóòótọ́. Èmi náà dìbò fún un, n ó sì tún dìbò. Ṣùgbọ́n kò tíì dé orí gbogbo tábìlì. Àṣìṣe Afra, àṣìṣe gbogbo wa ni: bí a bá ti rí òǹtẹ̀ lára ìwé àti tábìlì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a máa ń rò pé òfin ló jókòó síbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí o sọ pé ẹ̀rù ló ń bà mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí láti ìgbà tí Genoveva ti sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kí o má sọ ohun tí o rí. Mo ti rò ó títí. Àwọn ìbọn wọ̀nyẹn kò sí níbẹ̀ nítorí ará Faransé kankan tó fẹ́ gbógun tì wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó wọn jáde, àwa ni wọ́n máa dojú wọn kọ, àwọn tó dìbò, àwọn tó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù kẹta. Òótọ́ lo sọ lójú ọ̀nà ibùdókọ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé má sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn, má sì sọ ọ́ nígbà tí Kreszenz ṣì ń sùn nínú ilé tí Dobler mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Mo ti bá Severin, ẹ̀gbọ́n Kreszenz, sọ̀rọ̀ ní Ulm. Òdìkejì odò ni, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, ọlọ́pàá mìíràn, ẹ̀ṣọ́ Dobler kò sì lẹ́nu níbẹ̀. Severin ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà rẹ̀. Yàrá náà kéré, Burgl á sùn láàárín yín, ṣùgbọ́n ó gbóná. Ó ti kọ̀wé sí Kreszenz pé ìyá wọn ń ṣàìsàn, pé kó wá kó tó bímọ. Lẹ́tà náà á dé láìpẹ́, póòsì ló gbà wá, kí gbogbo abúlé lè mọ̀. Jẹ́ kí Kreszenz kà á sókè níwájú àwọn aládùúgbò. Ìyá wọn ò ṣàìsàn. Sọ fún un kó má sunkún.

Màmá rẹ ló nira. Mo mọ̀ pé wọn ò ní fẹ́ lọ. Wọ́n á ní sàréè bàbá rẹ wà níbẹ̀, àti pé ta ló máa tọ́jú adìyẹ. Má sọ ọ̀rọ̀ ìbọn fún wọn. Sọ fún wọn pé Kreszenz fẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà ìbímọ. Bí ìyẹn kò bá tó, kí o sọ ọ̀rọ̀ aṣọ pẹpẹ, ohun tí wọ́n fi wé. Mo rò pé wọ́n á dìde lọ fúnra wọn.

Ìwọ má lọ kí ó tó di ọjọ́ Ìsinmi àjọ̀dún Cecilia. Tíṣà tó bá sá fún ọjọ́ alágbàwí àwọn olórin ti sọ gbogbo rẹ̀ láìlanu. Tẹ dùùrù rẹ, jẹ oúnjẹ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin, bá Dobler mu ife kan bó bá fún ọ. Lọ́jọ́ Ajé, sọ fún Fádà pé o ń mú ìyá rẹ àti aya rẹ lọ bá ìyá aya rẹ, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin. N ó dúró dè yín ní ibùdókọ̀ Memmingen, n ó sì bá yín dé Ulm. Ibẹ̀ la ó ti kọ ọ́, sí Berlin tààrà, kì í ṣe sí ọ́fíìsì kankan nítòsí. Orúkọ mi ló máa ṣáájú nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo wọ inú dùùrù náà, èmi ni mo lè sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní àfonífojì yín máa pè mí láti tún dùùrù ṣe mọ́. Àwọn fèrè síńkì yín á máa dúró lára ògiri mi. Mo ti bá Rosina sọ ọ́. Ó ní kí n bá òun gbé èédú wọlé.

Mi ò mọ̀ bóyá Berlin á dáhùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ṣeé ṣe kí Dobler ti kó àwọn ìbọn náà lọ sínú ilé iṣẹ́ ìlagi rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ṣùgbọ́n wọ́n á jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé níbì kan tí kò lè dé, ìwọ náà á sì wà láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ ní ohunkóhun tó bá wù ọ́.

Bá mi kí Kreszenz gan-an, kí o sì gbé Burgl sókè lẹ́ẹ̀kan fún mi. Kí Màmá, sọ pé mo ṣì rántí àkàrà ápù wọn. Kí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ akọrin. Sọ fún wọn pé àwòrán fèrè wọn dára, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Rosina ní kí n kí yín, ó ní kí ẹ mú aṣọ ìbora Burgl dání nítorí kò sí èyí tó kù ní Ulm.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ kejì. O ní Dobler ti ń bi ọ́ lẹ́yìn gbogbo ìsìn bóyá o ti wọ inú dùùrù lọ wo ohun tó ń sunkún. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń sunkún, á máa bi ọ́, á sì máa wo ojú rẹ. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ìwọ kò sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe. Orí ọ̀pá D tó wà lọ́dọ̀ rẹ kò jìnnà. Ó wà lẹ́yìn pátákó tó dojú kọ orúnkún rẹ níbi tí o ń jókòó. Ṣe é lójú ọ̀sán, lẹ́yìn ìdánrawò, kí àwọn akọrin ṣì wà nísàlẹ̀, kí o sì máa kùn orin lẹ́nu bí ẹni tó ń tún okùn bàtà rẹ̀ so. Ìkọ́ méjì ló di pátákó náà mú. Gbé e sókè díẹ̀, á yọ. Wàá rí ìlà wáyà tín-ín-rín, bọ́tìnnì awọ kékeré kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta láti ọwọ́ òsì ni ti D. Fi ìka méjì mú bọ́tìnnì náà, kí o yí i sí òsì títí yóò fi bọ́. Má yí i sí ọ̀tún, ṣe ló máa fà á le sí i. Bó bá ti bọ́, ọ̀pá á dẹ̀, ìdérí á padé, yóò dákẹ́. Fi bọ́tìnnì náà sápò, dá pátákó padà, kí o sọ fún ẹni tó bá bi ọ́ pé ọ̀rinrin ti gbẹ. Níbi tí orin bá ti béèrè D ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, D òkè ni kí o tẹ̀.

Èmi ni, ẹni tó ń dúró dè yín ní Memmingen,

Alban Riegg